Àmín Orí Fóònù

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ ṣí ìwé yìí, mo kí yín. Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ ni ẹ ń kà á, ẹ kú ojúmọ́ o. Bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ kú làálàá òòjọ́. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa yọ̀ ní ilẹ̀ àjèjì, tí ó ń jí wa láràárọ̀ ní ìlú tí wọn kò sin ìwọ́ wa sí, tí ó sì fi ahọ́n sí wa lẹ́nu kí á lè sọ ohun tí ojú rí. Ìtàn obìnrin kan ni mo mú wá. Ọmọ Adó-Èkìtì ni, ó sì máa ń ka ìròyìn fún àwọn ènìyàn wa ní Johannesburg. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Morádéyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2017 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Kò ní ọkọ, kò bímọ, àwọn òbí rẹ̀ sì ti sùn nínú Olúwa. Yàrá kan ni ó háyà ní Turffontein, ní ẹ̀yìn ilé kan tí kò jìnnà sí pápá tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré ìje. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń gba àlejò ní ọ́fíìsì dókítà eyín kan. Ní ọ̀sán Sátidé, á wọ tákísì, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré tí gbogbo ìlú ń wọ̀, á lọ sí Berea, á gun àtẹ̀gùn dé òkè ilé àtijọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan wà, á sì jókòó sídìí máìkì. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fún un. Ètò rẹ̀ ń jẹ́ “Ẹ Gbọ́ Ná.”

Nígbà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bí ó bá ti ní “Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin èèyàn mi,” fóònù ilé-iṣẹ́ náà kì í sinmi. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣe àṣeyọrí á pè, ẹni tí ń wá yàrá á pè, ẹni tí kò gbà pẹ̀lú ìròyìn á pè kí ó lè bá a jà. Ṣùgbọ́n Wásáàpù dé, gbogbo wa sì gbé ìròyìn sínú àpò. Gbóyèga, ẹni tí ń bójú tó ẹ̀rọ ní rédíò náà, kì í yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Àǹtí, ìròyìn tí ẹ fẹ́ kà yìí, wọ́n ti rí i lórí fóònù láti ọjọ́ Wẹ́sídeè. Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ wa ní ìtàn ìwáṣẹ̀.”

“Ṣé òótọ́ ni èyí tí wọ́n rí?”

“Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn ni n ò mọ̀.”

“Òun ni mo fi pẹ́.”

Bàbá Morádéyọ̀ jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi títí ó fi kú, ohun tí ó sì tẹ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀ létí jù ni pé a kì í dá ènìyàn lẹ́bi lẹ́nu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Morádéyọ̀ sọ ọ́ di òfin iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹni méjì tí wọn kì í jẹun nínú àwo kan náà kò bá tíì sọ ọ̀rọ̀ kan fún un, kò ní kà á.

Àwọn tí ó ní ní ìlú náà kò ju ẹgbẹ́ àti ìjọ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ni mo ń sọ, oníṣẹ́ ọ́fíìsì àti oníṣòwò, Kristẹni àti Mùsùlùmí. Ọlálérè ni alága wọn, ọmọ Èkìtì bíi Morádéyọ̀ ni, ẹnjiníà ni, alàgbà sì ni nínú ìjọ. Òun ni ó lọ pàdé Morádéyọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tí ó kọ́kọ́ dé pẹ̀lú àpótí kan àti àdírẹ́sì tí kò péye. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ Ọlálérè a yà ní Turffontein gbé e lọ sí ilé ìsìn, lẹ́yìn ìsìn, Morádéyọ̀ á sì jẹ ìrẹsì nílé wọn. Àwọn ọmọ ibẹ̀ á máa dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì sí gbogbo Yorùbá tí ó bá sọ, ṣùgbọ́n wọn a fò mọ́ ọn. Láti ọjọ́ Àìkú kan dé èkejì, kò sí ilé mìíràn tí ẹnikẹ́ni ti ń fọwọ́ kàn án.

Ẹgbẹ́ fẹ́ dìbò yan alága tuntun ní ọdún náà. Ọlálérè fẹ́ padà wọlé. Ẹni tí ó bá a du ipò ni Jẹ̀lílì, ọmọ Ìwó, télọ̀ tí ń rán aṣọ ilé-ìwé ní Jeppestown. Jẹ̀lílì ní kí ìpàdé máa yà sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò nígbà mìíràn, kí wọ́n yé pè é sí ibi tí ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò lè dé. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. “Télọ̀ fẹ́ wá wọn alága!” Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ etí àwọn kan.

Ní ọjọ́ Túsìdé ọ̀sẹ̀ ìdìbò, àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n mú igi lọ́wọ́ ya wọ òpópónà kan ní Jeppestown, wọ́n ní kí àjèjì máa lọ sílé. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù Dọ̀tun, ọmọ wa tí ń ta aṣọ, wọ́n kó ohun tó wà níbẹ̀. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kankan kò bọ́. Ṣọ́ọ̀bù Jẹ̀lílì wà ní òdìkejì títì, wọn kò sì fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ kejì, àwòrán kan bẹ̀rẹ̀ sí í kiri orí fóònù. Jẹ̀lílì ni ó wà nínú rẹ̀, ó dúró láàárín àwọn onígi wọ̀nyẹn, ó na ọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù Dọ̀tun. Ṣe ni ó dà bí ẹni tí ń júwe. Ọlálérè fi í sórí gúrúùpù ẹgbẹ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sí i. Lókè ni ó ti sọ pé ẹ wo ẹni tí ó fi ṣọ́ọ̀bù ọmọ ìyá rẹ̀ han olè, pé láti òní lọ, Jẹ̀lílì kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ mọ́, kò sì lè du ipò kankan. Lẹ́yìn náà ni ó wá gbàdúrà. Ẹ mọ̀ bí alàgbà ṣe ń gbàdúrà. Ó ní Olúwa tí ó pa wá mọ́ ní ọjọ́ Túsìdé yóò máa pa wá mọ́. Ó ní ọmọ wa kò ní sọnù sí ilẹ̀ àjèjì, òkú wa kò ní sùn sí ọ̀nà, a ó fi ẹsẹ̀ ayọ̀ padà délé. Ó ní ẹni tí ó bá gbà á, kó tẹ Àmín.

Ẹ̀yin ará, ta ni yóò rí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ tí yóò kọjá lọ? Wọ́n ti kọ́ wa láti ẹ̀yìn ìyá wa pé a kì í jẹ́ kí àdúrà bọ́ sílẹ̀. Dókítà tẹ Àmín láàárín aláìsàn méjì. Ẹni tí ń wakọ̀ tẹ Àmín nígbà tí iná róbọ́ọ̀tì, ìyẹn iná tí ń darí ọkọ̀, pọ́n sí i. Àwọn Mùsùlùmí tẹ Àmín, wọ́n fi “Yà Allah” sí i. Ẹlòmíràn ya àwòrán ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀. Fóònù kò gba gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ìparí ni ó máa ń hàn síni, ìparí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì kà. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, Ọlálérè kọ ọ́ pé: “Ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí i. A ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú.” Ó sì yọ orúkọ Jẹ̀lílì kúrò.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni Morádéyọ̀ ti rí ọ̀rọ̀ náà, níbi tí ó ti ń jẹ búrẹ́dì ọ̀sán nínú kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì dókítà. Àdúrà náà wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n ojú oníròyìn ni ojú rẹ̀. Ó padà sí òkè ọ̀rọ̀ náà, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Kò tẹ nǹkan kan.

Ó jọ pé ẹnìkan ń wòye lórí gúrúùpù.

“Àǹtí Rédíò, a ò rí Àmín yín o.”

“Àbí wọn ò fẹ́ kí Olúwa pa ọmọ wa mọ́ ni?”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Wọ́n bímọ ni?”

Ẹni tí ó kọ èyí tí ó kẹ́yìn fi ẹ̀rín sí i. Àwọn mìíràn náà rẹ́rìn-ín. Morádéyọ̀ dá búrẹ́dì rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó sì lọ pe aláìsàn tí ó kàn.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, bí ó ti jáde níbi iṣẹ́, ó gba Jeppestown lọ. Dígí fífọ́ ṣì wà ní etí títì. Ní iwájú ṣọ́ọ̀bù Dọ̀tun, obìnrin kan wà tí ń sun àgbàdo lórí èédú. Magdalene ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ náà ni, ibẹ̀ ni ó sì máa ń jókòó lójoojúmọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Morádéyọ̀ fi àwòrán hàn án.

“Eish, sísì,” ni Magdalene wí, ó sì kọjú fóònù náà sí oòrùn kí ó lè rí i dáadáa. “Télọ̀ mi nìyí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, kí lẹ rò pé ó ń sọ?”

“Wọ́n ní ó ń fi ṣọ́ọ̀bù hàn wọ́n.”

“Wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù tán nígbà yẹn! Iná ni wọ́n fẹ́ sọ sí i. Òun ló sáré kọjá títì, tó ń nawọ́ sí fèrèsé òkè, tó ń pariwo ní èdè Súlú pé àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀. Bí ó ṣe ń pariwo, wọ́n fi igi bà á lápá. Kò sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ìgbà tí ọmọ kékeré kan yọjú lókè ni wọ́n tó dà á rò, wọ́n sì bá tiwọn lọ.”

“Ta ló wá ya àwòrán?”

“Ẹnìkan nínú tákísì tó ń sáré kọjá. Ó na fóònù jáde, ó lọ.” Ó yí àgbàdo rẹ̀ padà. “Ṣé ẹ rí i, kò dúró gbọ́.”

Magdalene gbà kí Morádéyọ̀ gba ohùn òun sílẹ̀. Ó ní òun kò bẹ̀rù, ìlú òun ni.

Jẹ̀lílì wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn irin sílẹ̀ dé ìdajì. Apá ọ̀tún rẹ̀ wú, ó fi aṣọ ilé-ìwé tí kò tíì rán tán gbé e kọ́ ọrùn.

“Ẹ wọlé, Àǹtí. Ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà o, kí wọ́n má baà ya ẹ̀yin náà.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

“Kí ló dé tí o kò sọ fún wọn?”

“Ibo ni kí n ti sọ ọ́? Wọ́n ti yọ mí. Mo pe Bọ̀dá Ọlálérè, wọn ò gbé e. Mo pe Dọ̀tun, ó ṣépè fún mi.” Ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. “Àǹtí, àwọn tó ń gbé igi ní àjèjì ni mí. Àwọn èèyàn mi ní àwọn onígi ni mo bá ṣe. Bí wọ́n bá fìdí èyí múlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ta ni mo fẹ́ bá gbé ní ìlú yìí? Àwọn ọmọ wa kan ti ránṣẹ́ pé iná tí àwọn onígi kò ràn, àwọn á ràn án sí mi lára.”

“Ta ló wà lókè yẹn lọ́jọ́ náà?”

“Fúnmi, ìyàwó Dọ̀tun, pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó gbọ́ mi. Ojú wa ṣe mẹ́rin.”

Ẹlẹ́rìí kejì ni èyí. Morádéyọ̀ wá a lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Dọ̀tun ti kó ìdílé rẹ̀ lọ sí fúláàtì ìbátan wọn kan ní Berea, Dọ̀tun fúnra rẹ̀ sì ti jáde. Ní báńkóní ni Fúnmi wà, ó ń sá aṣọ ọmọdé.

“Àǹtí, mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá.”

“Ṣé bí Jẹ̀lílì ṣe sọ ọ́ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni. Òun ló gbà wá.” Ó sá aṣọ kan, ó tún ká a. “Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́ lórí rédíò. Ọkọ mi ti tẹ Àmín.”

“Àìmọ̀ ni, Fúnmi. Kò sí níbẹ̀.”

“Èmi wà níbẹ̀, èmi náà tẹ̀ ẹ́.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọmọ mi wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí àdúrà náà wọlé. Mo rí ‘ọmọ wa kò ní sọnù sí ilẹ̀ àjèjì.’ Àǹtí, lẹ́yìn ohun tí ojú wa rí, kí ni kí n ṣe? Mo ti tẹ Àmín kí n tó lọ sókè ọ̀rọ̀ náà lọ rí orúkọ rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ yí i padà báyìí? Kí n jókòó sí rédíò, kí n máa gba àmín padà lórí ẹ̀mí àwọn ọmọ mi?”

Morádéyọ̀ náà jẹ́ ọmọ ìjọ. Ẹ̀rù tó ń ba Fúnmi kò ṣàjèjì sí i. Ó bá a sá aṣọ tó kù, ó fún un ní nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ rédíò, ó sì lọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọkọ̀ Ọlálérè dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Turffontein. Morádéyọ̀ gbé àga kan ṣoṣo tí ó ní fún un, òun jókòó sétí ibùsùn.

“Wọ́n ní o lọ sí Jeppestown,” ni Ọlálérè wí.

“Mo lọ, Bọ̀dá. Jẹ̀lílì kò ṣe é. Àwọn ọmọ Dọ̀tun ló ń dáàbò bò.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Magdalene tó ń sun àgbàdo.”

“Ọmọ ilẹ̀ yìí? Àwọn tó fọ́ wa ní ṣọ́ọ̀bù?”

“Ẹlòmíràn tún wà. N kò lè dárúkọ rẹ̀.”

Ọlálérè kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ti rí àwòrán, ó sì gba ojú rẹ̀ gbọ́. Ó yí ahọ́n padà sí ti Èkìtì, èdè tí àwọn méjèèjì kì í sọ fún ẹlòmíràn ní ìlú náà, ó ní kí Morádéyọ̀ jọ̀wọ́, kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ìgbà tí ìdìbò bá parí. Bí ó bá di ọjọ́ Ajé, kí ó ka ohunkóhun tó bá wù ú.

“Bọ̀dá, ní ọjọ́ Ajé, ẹ ti lé e lọ. Kí ni mo fẹ́ kà nígbà náà?”

“Nítorí télọ̀ kan, ìwọ yóò sọ mí di òpùrọ́ lójú gbogbo ayé? Èmi?”

“Ẹ jẹ́ kí n ka gbólóhùn kan láti ọ̀dọ̀ yín, pé ẹ ṣèèṣì. Kò ní tini lójú.”

Ọlálérè dìde. Ó dọ́gba fìlà rẹ̀ nínú dígí tó wà lára ògiri, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

“Má wulẹ̀ dúró dè mí lọ́la,” ni ó wí, ó sì jáde.

Morádéyọ̀ jókòó síbi tí ó wà. Ó ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣe ń lọ sílẹ̀ títì. Ó ronú nípa ìrẹsì ọjọ́ Àìkú, àti ọmọ àbíkẹ́yìn ibẹ̀ tí ó máa ń fi ọwọ́ ọlọ́ràá dì í lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà. Kò béèrè pé kí ohun gbogbo dára. Ó ní, “Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n fi kún òtítọ́ yìí, má jẹ̀ẹ́ kí n yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.”

Ní ọ̀sán náà, ó jókòó sídìí máìkì. Ó ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Túsìdé, ó sì mú ohùn Magdalene jáde. Lẹ́yìn náà ó wí pé:

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹlẹ́rìí kan ni ẹ gbọ́ yìí. Ẹnì kejì wà, kò tíì ṣeé ṣe fún un láti sọ̀rọ̀. Nítorí náà n kò ní sọ fún yín pé ẹjọ́ ti parí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwòrán yẹn nìkan kò tó láti fi lé ènìyàn kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó pe wá.”

Ẹnikẹ́ni kò pè. Gbóyèga mi orí lẹ́yìn dígí, ó fi orin ìyìn kan sí i. Nígbà tí fóònù dún níkẹyìn, bàbá kan ni, ó fẹ́ mọ̀ bóyá bọ́ọ̀sì ìjọ yóò yà sí Hillbrow ní ọ̀la. Morádéyọ̀ ní òun kò mọ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò ti fẹ́ parí nígbà tí ó tún dún.

“Àǹtí, Fúnmi ni. Ìyàwó Dọ̀tun. Èmi ló wà lókè ilé. Àwọn onígi fẹ́ ti iná bọ̀ ọ́. Bọ̀dá Jẹ̀lílì ló dá wọn dúró, wọ́n sì lu bọ̀dá nítorí wa. Àdúrà tí wọ́n gbà fún àwọn ọmọ mi, mo ṣì gbà á, mo gbà á tọkàntọkàn. Èyí tí wọ́n kọ sókè rẹ̀, n kò gbà á. Àìkà ni mo fi tẹ̀ ẹ́.”

Ó gé fóònù náà kí Morádéyọ̀ tó lè dáhùn. Gbóyèga kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Bí Morádéyọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti yọ òun náà kúrò nínú gúrúùpù.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó wọ tákísì lọ sí gbọ̀ngàn tí ìpàdé ti wáyé ní Berea. Àwọn ènìyàn kí i bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Àga méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò rí ẹni jókòó. Jẹ̀lílì dúró síta lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ọlálérè gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí akọ̀wé ka ìpinnu tí gbogbo ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí lórí fóònù.

Dọ̀tun dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tí kò sùn.

“Alága, kí ẹ tó kà á, mo fẹ́ gba Àmín mi padà.”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

“Dọ̀tun,” ni Ọlálérè wí, “a kì í gba àmín padà. Ọlọ́run ti gbọ́ ọ.”

“Àdúrà ni Ọlọ́run gbọ́, sà. Ẹ̀yin lẹ kà á sí ìbò. Ìyàwó mi sọ ohun tó rí fún mi lẹ́yìn tó sọ ọ́ lórí rédíò. Ọkùnrin tó dúró síta yẹn gba ọmọ mi lọ́wọ́ iná, mo sì ṣépè fún un. Ẹ yọ tèmi kúrò.”

Ẹ̀rín náà kú. Bàbá arúgbó kan láàárín èrò sọ̀rọ̀ láì dìde: “Èmi ò tilẹ̀ kà á rárá o. Awò ojú mi wà nílé. Mo rí i pé àwọn èèyàn ń ṣe àmín, èmi náà ṣe é.”

“Èmi náà,” ni obìnrin kan wí.

“Àdúrà ni mo rí ní tèmi.”

Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí wọ́n jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, pé ohun tó ti kọjá ti kọjá. Níkẹyìn Ọlálérè gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n pe Jẹ̀lílì wọlé. Ó bẹ̀ ẹ́ ní gbangba, ó ní ojú tan òun jẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n dìbò ní ìnàsókè ọwọ́, Jẹ̀lílì pẹ̀lú Ọlálérè. Ọlálérè ni ó wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fẹ́ ẹ, wọ́n sì na ọwọ́ fún un ní gbangba, kò sí ẹni tí ó jiyàn rẹ̀. Ó bọ Jẹ̀lílì lọ́wọ́ tí kò wú. Ó bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Nígbà tí ó dé ibi tí Morádéyọ̀ wà, ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó lọ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ rí Morádéyọ̀ láti òkèèrè, ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

Jẹ̀lílì ni ó sìn ín jáde.

“Àǹtí, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, àwòrán yẹn ti dé Ìwó. Ìyá mi pè mí láàárọ̀. Àwọn kan ti fi hàn wọ́n ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní kí n sọ òótọ́ fún àwọn, ṣé mo ta ọmọ Yorùbá. Mo ní n kò ṣe é. Wọ́n kàn ń sunkún.”

“Fún mi ní nọ́ńbà wọn.”

Ní ibùdókọ̀, níbi tí tákísì ti ń dúró kí èrò kún, Morádéyọ̀ pe Ìwó. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.

“Ta nìyẹn?”

“Morádéyọ̀ ni mí, Màmá, láti Johannesburg. Èmi ni mo ń ka ìròyìn fún àwọn ọmọ yín níbí. Lórí Jẹ̀lílì ni.”

“Ṣé ìwọ fi ojú ara rẹ rí i?”

“Rárá, Màmá. Ẹni méjì tó fojú rí i ló sọ fún mi.”

“Àwọn wo?”

Ó dárúkọ wọn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí igi ṣe ba apá náà àti bí ọmọ kékeré ṣe yọjú ní fèrèsé. Màmá náà kò dá a dúró. Nígbà tí ó parí, ó gbọ́ èémí obìnrin arúgbó náà ní òkèèrè réré.

“Tún un sọ,” ni màmá wí. “Jẹ́ kí n pe Lèmọ́mù sí i.”

Morádéyọ̀ tún un sọ. Kí ó tó parí, owó orí fóònù tán.

Tákísì kún, ó gbéra lọ sí ìhà gúúsù. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí jókòó tì í, ó wọ aṣọ àwọn tó ń fọ ilé onílé, ọwọ́ rẹ̀ ń run ọṣẹ. Kò pẹ́ tí oorun gbé e lọ, orí rẹ̀ sì rọra yẹ̀ títí ó fi balẹ̀ sí èjìká Morádéyọ̀. Ó wúwo, ó sì gbóná. Àwọn ilé Turffontein bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nígbà tí wọ́n dé igun àdúgbò rẹ̀, ó yẹ kí ó ké sí awakọ̀ kí ó lè sọ̀ kalẹ̀. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ gbé e kọjá, orí obìnrin náà ṣì wà léjìká rẹ̀.

Ìwọ tí o ti bá mi dé ìhín, kí Olúwa bu ọlá fún etí rẹ àti ẹnu rẹ. Kí ó má ṣe fi orúkọ rẹ sí ẹnu àwọn tí kò dúró gbọ́. Bí òtítọ́ bá mú ọ dá wà, kí ó wá bá ọ jókòó, kí ó sì fún ọ ní ilé kan tí wọn yóò ti máa pe orúkọ rẹ pẹ̀lú ìfẹ́. Kí àlàáfíà rẹ̀ sùn tì ọ́, kí ó sì jí pẹ̀lú rẹ.